Báwo lẹ ṣe ń fi etí dá sáà tí wọ́n kọ orin kílásíkà mọ̀?

Áltò_Mọ́kọ́lá kọ:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà orin. Ìdánwò Grade 6 ti ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mò ń múra fún, apá tí wọ́n ti ń dán etí wò ló sì ń dà mí láàmú. Olùdánwò á tẹ orin kan lórí píánò, á ní kí n sọ sáà tí wọ́n kọ ọ́ àti ohun tí mo gbọ́ tí mo fi mọ̀. Mo mọ ọdún wọn lórí: Renaissance láti nǹkan bí 1400, Baroque láti 1600 sí 1750, Classical títí dé nǹkan bí 1820, Romantic títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ṣùgbọ́n tí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ọdún kì í wúlò fún mi mọ́. Gbogbo rẹ̀ ń jọra létí mi. Kí ni ẹ máa ń kọ́kọ́ tẹ́tí sí?

Dùrù_Agódi kọ:

Ẹ kú ìmúra ìdánwò. Ohun tó máa ń ṣi èèyàn lọ́nà jù ni kó máa wo bí orin ṣe yá sí tàbí bó ṣe falẹ̀ sí. Kò sí sáà tí kò ní orin tó yá, kò sì sí èyí tí kò ní orin tó falẹ̀. Ohùn òkè tí etí kọ́kọ́ ń gbá mú náà kì í sọ púpọ̀. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ lọ. Iṣẹ́ wo ni ọwọ́ òsì ń ṣe? Níbẹ̀ ni àṣírí sáà ti máa ń tú.

Béèsì Baroque kì í jókòó. Ó ń rìn ni, nóòtù kan ń tẹ̀ lé òmíràn, ó sì ní orin tirẹ̀ tí béèsì inú kọ́áyà lè dá kọ kó sì dùn. Ìdí ni pé láti nǹkan bí 1600 ni àwọn ará Ítálì ti ń kọ ìlà béèsì nìkan sílẹ̀ fún ẹni tó wà nídìí dùrù, tí wọ́n á fi nọ́ńbà sí i lára kó fi mọ kọ́ọ̀dù tí yóò tẹ̀ lé e lórí. Béèsì yẹn ni gbogbo ilé dúró lé.

Ẹ tún gbọ́ bóyá orin náà ń yí iṣẹ́ padà. Àpẹẹrẹ tí orin Baroque bá fi bẹ̀rẹ̀, òun náà ló sábà máa ń fi parí. Ẹ mú Prelude àkọ́kọ́, èyí tó wà ní C, nínú ìwé kìíní Well-Tempered Clavier tí Bach kó jọ ní 1722. Nóòtù mẹ́jọ ni àpẹẹrẹ rẹ̀: ọwọ́ òsì mú méjì àkọ́kọ́, ọwọ́ ọ̀tún mú mẹ́fà yòókù, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú bar (ìpín orin) kọ̀ọ̀kan. Báyìí ló ṣe lọ láti bar 1 dé bar 32, kọ́ọ̀dù nìkan ló ń yí. Bar mẹ́ta tó kẹ́yìn ló yàtọ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 35. Bí ìwé tiyín bá ní 36, ẹ lọ wo ẹ̀yìn bar 22: ẹnìkan ló ki bar kan bọ ibẹ̀ lẹ́yìn ikú Bach, Gounod sì gbà á bẹ́ẹ̀ fún Ave Maria rẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa igi lé e.

Tí ìró bá ń bọ́ láti ńlá sí kékeré lójijì, láìsí pé ó ń ga díẹ̀díẹ̀, Baroque ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Harpsichord, dùrù tí wọ́n ń lò ṣáájú píánò, ló fà á. Ṣe ló ń já okùn, nítorí náà bí ẹ tẹ̀ ẹ́ líle, bí ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ìró kan náà ló máa mú wá. Ẹni tó bá fẹ́ kó rinlẹ̀ sí i yóò fi okùn mìíràn kún un tàbí kó bọ́ sórí ìtẹ̀ kejì. Cristofori ti ṣe píánò ní Florence láti nǹkan bí 1700, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn tó ń kọ orin tó gbé iṣẹ́ wọn kà á lórí.

Ẹ wá gbé Sonata K. 545 ti Mozart sí ẹ̀gbẹ́ Prelude yẹn. C náà ni, 1788 ló kọ ọ́. Ọwọ́ òsì ń tẹ, ní sol-fa, d–s–m–s, d–s–m–s. Kò ní orin tirẹ̀ mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé ohùn òkè ró. Ọwọ́ ọ̀tún ń sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn: bar méjì gbé d, m, s kalẹ̀, ó kan t, ó padà sílé, bar méjì tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ lórí l, ó sì bà lórí m. Nígbà tó dé bar 5, iṣẹ́ yí padà pátápátá, ó di àkàbà tó ń sáré sókè sódò. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, ẹ ti gbọ́ irú iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ sì ti gbọ́ ibi tí orin ti dákẹ́ mí. Gbólóhùn kúkúrú tó ń dá ara wọn lóhùn, ìdákẹ́ láàárín wọn, iṣẹ́ tó ń yí kíákíá: bí ẹ bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ẹ sọ Classical láìbẹ̀rù.

Akọ́nidùrù kọ:

Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká fi nǹkan kan kún d–s–m–s yẹn kó má baà di páńpẹ́. Orúkọ Domenico Alberti, ará Venice, ni wọ́n fi ń pe irú ọwọ́ òsì bẹ́ẹ̀, 1746 sì ni ọkùnrin náà kú, ọdún mẹ́rin ṣáájú Bach. Òǹkọ̀wé ìtàn orin ló rì 1750 mọ́lẹ̀ bí ààlà, nítorí pé ọdún náà ni Bach kú. Ní Ítálì, àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ orin tó fúyẹ́, tó ní gbólóhùn kúkúrú, nígbà tí Bach ṣì ń kọ fugue (orin tí ohùn ń tẹ̀ lé ohùn lórí kókó kan) ní Leipzig.

Àwọn Romantic náà ń fọ́ kọ́ọ̀dù sí wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ òsì. Fífẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀. d–s–m–s ti Mozart wọ inú ọwọ́ láìnà án, ìka márùn-ún ti kó gbogbo rẹ̀. Ẹ wá wo Nocturne Op. 9 No. 2 ti Chopin, tó jáde ní 1832. Ìka kékeré á tẹ béèsì nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ á fò sókè lọ tẹ kọ́ọ̀dù méjì, á tún fò padà. Pẹ́dàlì ọ̀tún ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, béèsì á ti kú kí kọ́ọ̀dù kejì tó dé, orin náà á sì gbẹ. Ẹ fi èyí ṣe ìdánwò fún etí yín: tí ó bá jẹ́ pé láìsí pẹ́dàlì orin náà ò lè dúró, ó ṣòro kó jẹ́ Baroque, ó sì ṣòro kó jẹ́ Mozart.

Inú irinṣẹ́ ni ìdí rẹ̀ wà. Píánò ayé Mozart kò ju octave (láti d dé d tó kàn) márùn-ún lọ, igi sì ni férémù rẹ̀. Ìró rẹ̀ mọ́, kì í pẹ́ kú. Ní 1821, Érard, tó ń ṣe píánò, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó jẹ́ kí ìka lè tún nóòtù kan tẹ̀ kí ìtẹ̀ tó padà sókè tán. Ní 1825, Babcock ní Boston gba ti férémù irin tí wọ́n rọ ní odindi. Irin gba kí okùn le sí i kó sì nípọn sí i, ìró wá ń pẹ́ nílẹ̀, ó sì ń kún yàrá ńlá. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí, ìtẹ̀ ti di 88. Chopin àti Liszt kò lè kọ ohun tí wọ́n kọ sórí píánò tí Mozart lò.

Áltò_Mọ́kọ́lá kọ:

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè méjì. Bí mo bá gbọ́ harpsichord nínú rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣé kí n kàn sọ pé Baroque ni? Beethoven ńkọ́? Àwọn kan ní Classical ni, àwọn kan ní Romantic.

Fáyólìn_Yábàá kọ:

Lórí harpsichord: ó ràn yín lọ́wọ́ ni, kò parí ẹjọ́. Renaissance náà ní i, àwọn ará ọ̀rúndún ogún sì tún gbé e padà. Níbi ìdánwò kẹ̀, píánò ni wọ́n máa fi tẹ gbogbo rẹ̀ fún yín, títí kan Bach, nítorí náà ọgbọ́n ọwọ́ òsì tí àwọn ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ni kí ẹ fi sọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń fi YouTube kọ́ etí, ẹ tẹ́tí sí àwọn horn àti trumpet. Kí nǹkan bí 1815 tó dé, wọn ò ní valve, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń yí gígùn paipu padà. Nóòtù tó bá ti wà nínú paipu náà fúnra rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè fọn, ìwọ̀nba sì ni wọ́n nísàlẹ̀. Àwọn afọntrumpet ayé Bach àti Handel mọ bí a ṣe ń gun òkè gíga níbi tí nóòtù ti sún mọ́ra, ìdí nìyẹn tí trumpet Baroque fi ń kọ orin wẹ́wẹ́ lókè bí fáyólìn. Ọgbọ́n náà kú dànù. Nígbà tó fi máa di ayé Haydn àti Mozart, trumpet ti di alátìlẹyìn: d àti s ló ń fọn jù, òun àti ìlù timpani tí wọ́n so sí d àti s náà, nígbà tí gbogbo ọ́kẹ́sírà bá pariwo pọ̀. Valve dé, tuba dé ní Berlin ní 1835, horn wá lè kọ orin gígùn nínú key yòówù. Nítorí náà: trumpet tó ń jó lókè téńté, Baroque, trumpet tó ń ti timpani lẹ́yìn, Classical, ogunlọ́gọ̀ brass tó gbé orin gan-an dání, Romantic. Ọ̀nà yìí kì í sábà já èèyàn kulẹ̀.

Clarinet náà ṣọ̀wọ́n gan-an ní Baroque. Bí ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ ronú sí Mozart síwájú. Trombone ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti nínú opera, àmọ́ nínú symphony, ẹ lọ gbọ́ apá tó kẹ́yìn nínú Symphony Karùn-ún ti Beethoven, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Vienna ní 22 December 1808. Trombone mẹ́ta, piccolo kan àti contrabassoon kan ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ti wọlé lẹ́ẹ̀kan.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀ lé rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń lo irinṣẹ́ àtijọ́ ń so nóòtù A sí 415 Hz dípò 440, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó semitone kan (ìtẹ̀ kan sí èyí tó kàn án) nísàlẹ̀. Orin tí ìwé sọ pé D ni, D♭ ni ẹ máa gbọ́. Etí yín kọ́ ló bà jẹ́. Ẹ tẹ transpose sí −1, yóò bára mu.

Dùrù_Agódi kọ:

Ti Beethoven: ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan. Sonata Op. 2 mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó fi jíǹkí Haydn ní 1796 wà nínú Classical dáadáa. Op. 111, tó parí ní 1822, ti bọ́ sí ibòmíràn: apá méjì péré ló ní, èkejì sì jẹ́ orin kan tó ń tú ara rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di kìkì trill (nóòtù méjì tó ń pààrà ara wọn kíákíá) lókè. Láàárín wọn ni Op. 27 No. 2 ti 1801 wà, èyí tí ayé ń pè ní Moonlight. Ó máa ń ṣi àwọn tó ń ṣe ìdánwò lọ́nà nítorí àpẹẹrẹ nóòtù mẹ́ta-mẹ́ta rẹ̀ kò dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin apá kìíní, bíi ti Prelude Bach gẹ́lẹ́. Ẹ gbọ́ béèsì: kì í rìn, ó kàn ń dúró gẹ̀rẹ̀jẹ̀ ní octave. Beethoven tìkára rẹ̀ sì kọ ọ́ sókè ìwé pé kí wọ́n gbé dámpà, ohun tó ń pa ìró okùn, kúrò lórí okùn láti òkè délẹ̀. Irú èyí, ẹ sọ pé, “ìparí Classical tó ń wọ Romantic,” kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi rí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ìdáhùn tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn sàn ju kí èèyàn méfò orúkọ.

ÌyáKọ́áyà kọ:

Ọmọ mi, o kú ìsapá. Ṣé o ń kọrin nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìdajì ohun tó ò ń wá ti wà lẹ́nu rẹ. Messiah ni Baroque tìrẹ. Handel bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní 22 August 1741, ó parí rẹ̀ ní 14 September, wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é ní Dublin ní 13 April 1742.

Ṣí ìwé sol-fa rẹ sí “Every valley” kí o wo ohun tí ténọ̀ ń ṣe. Nígbà tó dé “exalted”, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí gun òkè lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, nóòtù lórí nóòtù. Lórí “crooked”, ó ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ láàárín nóòtù méjì. Lórí “plain”, ó dúró pẹrẹsẹ. Orin ń ya àwòrán ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ. Baroque fẹ́ràn èyí púpọ̀. Tún lọ sí “And with His stripes”. Sopranó gbé kókó orin kalẹ̀, áltò tẹ̀ lé e, ténọ̀, lẹ́yìn náà béèsì. Fugue nìyẹn. Bí o bá lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ohùn kọ̀ọ̀kan ti wọlé láìwo ìwé, o ti ní etí Baroque.

Lẹ́yìn náà gbé The Creation ti Haydn, 1798. Àwọn fugue wà níbẹ̀ o, má jẹ́ kí ó ṣì ọ́ lọ́nà. Orin ìsìn kì í tètè jọ̀wọ́ fugue. Gbọ́ ibi tí wọ́n ti dá ìmọ́lẹ̀. Kọ́áyà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, okùn kan ta pín-ín, lójijì gbogbo ọ́kẹ́sírà bú gbàù lórí d–m–s ti C, ó sì dúró lé e. Haydn kò lo àwòrán wẹ́wẹ́ lórí ọ̀rọ̀ “light”. Kọ́ọ̀dù kan tó mọ́, tí etí ti ń retí láti inú C minor òkùnkùn, ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Kọ́ọ̀dù ilé àti ìrètí ilé, agbára Classical nìyẹn.

Elijah ti Mendelssohn, Birmingham, 26 August 1846, ni kí o fi ṣe Romantic. Elijah ti gégùn-ún tán kí overture (orin ìṣíde ọ́kẹ́sírà) tó bẹ̀rẹ̀. Ìtàn ló ń darí ètò orin. Àwọn tó bá sì ń kọ The Crucifixion ti Stainer (1887) lásìkò Lẹ́ńtì, ẹ wo bí áltò àti ténọ̀ ṣe ń yọ́ sún ní semitone láàárín kọ́ọ̀dù. Ibẹ̀ ni àwọn akọrin wa ti máa ń bọ́ sílẹ̀ jù, nítorí sol-fa yóò kún fún fe, se, ta (nóòtù tí a gbé sókè tàbí sọ̀ kalẹ̀ ní semitone) àti ìyípadà key. Bí ojú ìwé sol-fa bá rí bẹ́ẹ̀, ojú gan-an ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ sáà fún ọ kí etí tó gbọ́.

Nǹkan kan tó dára fún ìfiwéra: ní 1789 Mozart tún irinṣẹ́ Messiah tò fún àwọn ará Vienna. Ó fi flute, clarinet, horn àti trombone kún un, ó sì dín iṣẹ́ trumpet kù nínú “The trumpet shall sound”, ó pín in fún horn. Wá rẹ́kọ́ọ̀dù méjèèjì, gbọ́ orin kan náà ní aṣọ sáà méjì. Ohun tí Fáyólìn_Yábàá sọ nípa trumpet á yé ọ dáadáa.

Béèsì_Peckham kọ:

Ẹ má gbàgbé ohun tó wà ṣáájú 1600, nítorí wọ́n lè béèrè rẹ̀, pàápàá ijó pavan àti galliard: pavan ń rìn ní méjì-méjì pẹ̀lú ìyára jẹ́jẹ́, galliard ń fò ní mẹ́ta-mẹ́ta.

Fún orin ohùn, If ye love me ti Tallis ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1565, ohùn mẹ́rin péré ni, kò sì gùn. Gbogbo ohùn jọ sọ̀rọ̀ pọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tó bá dé “and I will pray the Father”, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ lé ara wọn. Báwo lẹ ṣe máa yà á sọ́tọ̀ sí fugue Handel, nígbà tó jẹ́ pé ohùn ń tẹ̀ lé ohùn ní méjèèjì? Nínú Renaissance, kókó orin kì í pẹ́. Gbólóhùn ọ̀rọ̀ tuntun, kókó orin tuntun. Nínú fugue Baroque, kókó kan ṣoṣo ni wọ́n á máa gbé kiri títí dé òpin. Ìkejì, ìlù inú rẹ̀ kò tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀: ó ṣòro kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu “ọ̀kan, méjì” tẹ̀ lé Palestrina láìfi agbára mú un. Béèsì rẹ̀ náà kò yàtọ̀ sí ohùn yòókù. Òun pẹ̀lú ń kọrin ni, kò ru ẹnikẹ́ni.

Medieval, èyí tó ṣáájú Renaissance, ẹ gbọ́ ìparí. Kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn sábà máa ń jẹ́ d–s–d láìsí m láàárín, ó sì máa ń dún bí ilé tí kò ní ẹrù. Ẹ gbọ́ Viderunt omnes ti Pérotin ní Notre-Dame, Paris, nǹkan bí 1198: ohùn ìsàlẹ̀ di nóòtù kan mú fún àkókò gígùn, mẹ́ta òkè sì ń jó lórí rẹ̀. Nígbà tí m bá ti ń jókòó dáadáa nínú kọ́ọ̀dù káàkiri orin, ẹ ti ń wọ Renaissance.

Akọ́nidùrù kọ:

Ọ̀rúndún ogún ló kù, ibẹ̀ ni páńpẹ́ sì pọ̀ sí jù, torí wọ́n rò pé gbogbo orin tó bá “le létí” ni. Debussy kò le létí. Voiles rẹ̀, nínú ìwé kìíní Préludes (1910), dùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ohun tí ẹ máa gbọ́ ni pé kò sí ilé: àkàbà tó lò kò ní semitone rárá, d–r–m–fe–se–le, nítorí náà kò sí t tó ń fa etí lọ sí d. B♭ kan ṣoṣo ló ń dún lábẹ́ ṣáá. Láàárín, fún ìwọ̀nba bar, ó bọ́ sórí ìtẹ̀ dúdú, àkàbà nóòtù márùn-ún, ó tún padà. Bartók ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ ìlù ni kí ẹ fetí sí: ìwé kẹfà Mikrokosmos parí pẹ̀lú ijó Bùlùgáríà mẹ́fà tí wọ́n ń to ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta àti méjì-méjì pọ̀ láìdọ́gba. Schoenberg láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 ń to nóòtù méjìlá lẹ́sẹẹsẹ kí ọ̀kan má baà di ọba lórí àwọn yòókù.

Páńpẹ́ gidi ni àwọn tó wọ aṣọ àtijọ́. Symphony àkọ́kọ́ ti Prokofiev (1917) lo ọ́kẹ́sírà bíi ti Haydn, gbólóhùn bíi ti Haydn. Ẹ mú sùúrù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní D, kò sì pẹ́ rárá tó fi ta gìrì bọ́ sí C láìkọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn. Haydn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ rìn jìnnà báyẹn, á kọ́kọ́ la ọ̀nà. Suite Holberg ti Grieg (1884) náà rí bẹ́ẹ̀: orúkọ apá orin Baroque, púpọ̀ nínú wọn ijó, ló fún apá kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ ń wú, ó ń fà sẹ́yìn bíi Romantic. Bí aṣọ àti kọ́ọ̀dù bá ta ko ara wọn, kọ́ọ̀dù ni kí ẹ gbà gbọ́.

Áltò_Mọ́kọ́lá kọ:

Ẹ kú làálàá. Àwọn tiwa ńkọ́? Tí wọ́n bá tẹ Fela Sowande, kí ni kí n sọ?

Béèsì_Peckham kọ:

Ọ̀rúndún ogún ni. Ẹ má jẹ́ kí adùn kọ́ọ̀dù rẹ̀ tì yín sí Romantic tààrà. Nínú African Suite (1944), fún okùn àti hápù, bí àwọn kọ́ọ̀dù ṣe ń rọra yọ́ wá láti ìparí Romantic, ṣùgbọ́n ìlù abẹ́ rẹ̀ àti orin tó ń pààrà nóòtù márùn-ún wá láti ilé. Àwọn tó kọ fún ọ́gáànù, bíi Oyigiyigi, dúró lórí orin Yorùbá tí èèyàn mọ̀. Ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ tí wọ́n kì í sábà rántí ni Samuel Coleridge-Taylor, tó dàgbà ní Croydon níbí ní London. Nínú 24 Negro Melodies rẹ̀ ti 1905, ọ̀kan wà tó ń jẹ́ Oloba, orin Yorùbá ni. Ó kọ orin náà sókè ìwé bó ṣe rí kó tó fi kọ́ọ̀dù Romantic wọ̀ ọ́. Ẹ tẹ orin òkè nìkan, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ohun tó fi ṣe. Ẹ máa gbọ́ ibi tí sáà ti ń wọnú orin.

Dùrù_Agódi kọ:

Bí ẹ bá jókòó síwájú olùdánwò, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ sọ sáà, ẹ tẹ ẹ̀rí méjì lé e, ó kéré tán ọ̀kan láti ọwọ́ òsì, ẹ wá fi orúkọ kan parí bó bá dá yín lójú. “Baroque ni, nítorí béèsì ń rìn láìdúró, àpẹẹrẹ kan náà ló sì gbé orin náà dé òpin.” Ó tó. Ẹ má sọ pé “ó dùn” tàbí “ó bani nínú jẹ́”, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí sáà.

Fún ìfidánrawò, orin kan lójoojúmọ́, ìṣẹ́jú méjì àkọ́kọ́ péré. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan fún ọwọ́ òsì nìkan, kí ẹ kọ ohun tó ń ṣe sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì fún ibi tó ti dákẹ́ mí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wo àkọlé. Kí ẹlòmíràn yan orin náà fún yín, torí bí ẹ bá ti rí orúkọ Chopin lójú fóònù, etí ti sùn lọ.

Áltò_Mọ́kọ́lá kọ:

Ó yé mi, ẹ ṣeun púpọ̀. Èyí tó kẹ́yìn: mo gbọ́ sonata kan ti Scarlatti lónìí, mo sì sọ Classical nítorí gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó sì ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìwé ní Baroque ni.

Akọ́nidùrù kọ:

Àṣìṣe tó bọ́gbọ́n mu ni. Ọdún kan náà ni wọ́n bí Domenico Scarlatti, Bach àti Handel, 1685, ṣùgbọ́n ààfin Lisbon àti Madrid ló gbé ṣiṣẹ́, ó sì ń kọ fún ọmọ ọba tó ń kọ́ dùrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ràn kó máa tún gbólóhùn kúkúrú wí. Ohun méjì ni kí ẹ fi mú un. Àkọ́kọ́, orin náà pín sí méjì, wọ́n sì ń tún apá kọ̀ọ̀kan kọ. Bí apá kejì bá bẹ̀rẹ̀, kókó orin ìbẹ̀rẹ̀ kì í sábà padà wá sílé bó ṣe máa ń padà nínú sonata Mozart. Ìparí apá kìíní ló máa ń padà wá nínú key ilé, ní ìparí apá kejì. Ìkejì, ẹ gbọ́ ọwọ́ òsì: kì í bá a débi d–s–m–s. Ó ń fò, ó ń gorí ọwọ́ ọ̀tún kọjá, nígbà mìíràn ó ń tẹ kọ́ọ̀dù tó kún fún nóòtù tó ń jà, bíi gìtá Sípéènì. K. 141 ní D minor ni kí ẹ gbọ́ lónìí: ọwọ́ ọ̀tún ń tún nóòtù kan tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà-mẹ́fà, kọ́ọ̀dù òsì sì ń jà lábẹ́ rẹ̀ láti bar àkọ́kọ́.